Bi Apòògùn: Ohun Tó Wà Nínú Ìpara Yàtọ̀ sí Òògùn

Lẹ́tà lórí ìpara ló pọ̀ jù nínú èyí tó dé ọwọ́ mi lóṣù yìí, mo sì kó wọn jọ sójú kan. Yàrá ìpòògùn ilé ìwòsàn ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ mi, nígbà tí a ṣì ń fi ọwọ́ ara wa po ìpara làpálàpá, ìpara kúrúnà àti ìpara ìdí ọmọ, kó tó di pé gbogbo rẹ̀ ń ti ilé-iṣẹ́ wá nínú túùbù. Ohun kan ló ń ká mi lára nípa ọ̀rọ̀ yìí: orúkọ òògùn tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú túùbù nìkan ni àwọn èèyàn wa ń kà. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìpara, òògùn yẹn kì í ju gíráàmù kan tàbí méjì lọ nínú 100 gíráàmù. Gbogbo èyí tó kù, ara yín náà lẹ fi ń pa, òun náà sì ń ṣe rere tàbí ibi lára tirẹ̀. Orúkọ wọn wà lẹ́yìn páálí ní lẹ́tà wínníwínní, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká jọ wò lónìí.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní eczema (awọ tó ń gbẹ, tó ń yún, tó sì ń pọ́n) ní ìṣẹ́po apá àti ẹ̀yìn orúnkún. Dókítà kọ betamethasone 0.1%, òògùn steroid tó ń dín yíyún àti pípọ́n kù, fún un. Túùbù tí mo kọ́kọ́ rà ń dán, ó dà bíi jẹ́lì, kò sì ta á rárá. Nígbà tó tán, kẹ́míìsì mìíràn ta òmíràn fún mi, orúkọ kan náà, 0.1% kan náà, ṣùgbọ́n funfun ni. Bí mo ṣe fi kàn án báyìí ló figbe bọnu. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?*
Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Abẹ́òkúta

Ìyá wa, ẹ má tíì pè é ní ayédèrú. Ẹ gbé páálí méjèèjì síwájú, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀lé orúkọ òògùn náà. Ó ṣeé ṣe kí ti àkọ́kọ́ jẹ́ ointment, kí èkejì jẹ́ cream. Òògùn inú wọn kò yàtọ̀. Ohun tí wọ́n fi po ó ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì pọ̀.

Ointment, ọ̀rá ni láti òkè délẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni jẹ́lì funfun tí àwa apòògùn ń pè ní white soft paraffin, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Vaseline. Inú epo rọ̀bì ló ti ń jáde. Robert Chesebrough, ará Amẹ́ríkà, ló rí i níbi tí wọ́n ti ń wa epo ní Titusville, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ìdọ̀tí tó máa ń lẹ̀ mọ́ irin ìwapo ni àwọn òṣìṣẹ́ ka nǹkan náà sí, ṣùgbọ́n àwọn náà ń fi pa ojú ọgbẹ́ wọn. Chesebrough sẹ́ ẹ títí ó fi mọ́, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́dún 1872. Kò sí omi nínú rẹ̀ rárá. Níbi tí kò bá sí omi, kòkòrò àìfojúrí kò lè pọ̀ sí i, nítorí náà ointment kì í sábà nílò òògùn apakòkòrò.

Kírímù ní tirẹ̀, omi àti òróró ni wọ́n so pọ̀, omi rẹ̀ sì lè ju ìdajì lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi àti epo kì í gbé pọ̀. Ẹ rò wọ́n títí, bí ẹ bá gbé e kalẹ̀, epo á tún léfòó. Ohun tó ń mú wọn jókòó pọ̀ ni emulsifier. Ẹ jẹ́ ká pè é ní alárinà, nítorí iṣẹ́ alárinà láàárín ìdílé méjì tí kò mọra rí ló ń ṣe. Apá kan ara rẹ̀ fẹ́ràn epo, apá kejì fẹ́ràn omi. Á ki ìrù bọ inú ẹ̀kán epo, á gbé orí síta sínú omi, ẹgbàágbèje irú rẹ̀ á sì yí ẹ̀kán epo kọ̀ọ̀kan ká, tí ẹ̀kán kan kò fi ní lè padà lọ dàpọ̀ mọ́ èkejì.

Nígbà tí à ń fọwọ́ po ó, abọ́ méjì la máa ń gbé sínú omi gbígbóná. Jẹ́lì, òróró paraffin (òróró olómi tí òun náà ti inú epo rọ̀bì wá) àti ìdà alárinà wà nínú abọ́ kìíní. Ìdà yẹn funfun, pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Omi tó mọ́ tónítóní àti òògùn apakòkòrò wà nínú èkejì. A ó máa wo tẹ̀mómítà títí àwọn méjèèjì á fi dé nǹkan bí 70 Celsius. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì sì tutù, ìdà á dì lójijì, gbogbo rẹ̀ á di kókó. A ó wá da ọ̀kan sínú èkejì, lójú ẹsẹ̀ ni yóò funfun báláú. Ibẹ̀ ni ẹni tí kò ní sùúrù ti máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí. Rárá o. Rírò kò gbọdọ̀ dúró títí yóò fi tutù, jẹ́jẹ́ sì ni, kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ̀ ọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ abọ́; bí ẹ̀gbẹ́ abọ́ bá ṣì gbóná ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa gbé ọ̀pá ìròògùn sílẹ̀.

Ó dáa, kí ló ta ọmọ yín? Nítorí omi inú rẹ̀, kírímù kò lè ṣe kó má ní òògùn apakòkòrò. Nínú kírímù betamethasone, chlorocresol ni ẹ sábà máa rí. Nínú àwọn mìíràn, methylparaben àti propylparaben ni, tàbí phenoxyethanol, tàbí benzyl alcohol. Òmíràn tún ní propylene glycol, tó ń ran òògùn lọ́wọ́ láti wọ inú awọ. Lára awọ tó dá ṣáṣá, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n awọ ọmọ tó ní eczema ti ya tín-ín-tìn-ìn-tín káàkiri, ibi tó ya yẹn ni wọ́n ń gbà wọlé lọ ta á. Igbe tí ọmọ ké kì í ṣe àṣejù.

Mi ò sọ pé kírímù burú o. Bí ojú ibẹ̀ bá ń ṣomi, kírímù ló yẹ, torí ointment á dé omi yẹn mọ́ abẹ́ ni. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, tó nípọn, tó ń ya, ointment dára jù, nítorí pé ó ń bo ojú awọ kí omi ara má bàa fẹ́ lọ, ìyẹn sì ń jẹ́ kí òògùn rí ọ̀nà wọlé. Ìdí nìyẹn tí ointment fi sábà máa ń lágbára díẹ̀ ju kírímù lọ, bí iye òògùn inú wọn tiẹ̀ dọ́gba. Nítorí náà, ẹ má fúnra yín pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ ṣàlàyé fún un, kó kọ ointment sórí ìwé bí ìyẹn ló bá fẹ́. Ẹ sọ iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ ti ń lò ó fún un pẹ̀lú. Betamethasone lágbára fún ọmọ ọdún mẹ́rin, kò yẹ kó di ìpara ojoojúmọ́. Bí ibi tí ẹ fi kàn bá sì wú tàbí tó pọ́n sí i, ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ gbé ọmọ lọ.

*Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Peckham ni London ni mo ń gbé. Nígbà tí mo bí ọmọ mi àgbà, aqueous cream ni GP, dókítà àdúgbò wa, kọ fún un, ike ńlá, a sì ń fi pa á látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àbúrò rẹ̀ náà ní irú awọ yẹn báyìí, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní kí n má fi pa á lára. Ṣé wọ́n ti yí ìpara náà padà ni, àbí owó ni wọ́n fẹ́ máa fi pamọ́?*
Ìyá Ọmọ Méjì, London

Ọmọ mi, wọn kò yí i padà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ látijọ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó ló yí padà, nọ́ọ̀sì yẹn sì jàre.

Ìwé ìlànà òògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Pharmacopoeia, ló là á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń po ó. Ìwé yẹn làwa náà fi kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, mo sì mọ èyí lórí. Ẹ kọ́kọ́ mú ìdà kan tí wọ́n ń pè ní emulsifying wax: 90 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ cetostearyl alcohol, 10 tó kù jẹ́ sodium lauryl sulfate. Ẹ mú 30 nínú ìdà yẹn, 50 jẹ́lì funfun, 20 òróró paraffin, ẹ yọ́ wọn pọ̀, ó di emulsifying ointment. Ẹ wá mú 30 nínú ìyẹn, kí ẹ fi omi àti òògùn apakòkòrò kún un dé 100. Aqueous cream nìyẹn. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, sodium lauryl sulfate tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 nínú 100.

Ó lè dà bíi pé ó kéré. Ṣùgbọ́n sodium lauryl sulfate yìí kan náà ló ń mú ọṣẹ ìfọyín àti ọṣẹ ìfọrun hó. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú epo sínú omi, ìyẹn ló jẹ́ kó wúlò nínú ike; bí ẹ bá wá fi í sílẹ̀ lára ọmọ láti òwúrọ̀ dalẹ́, òróró tó ń so awọ ọmọ náà pọ̀ ni yóò máa tú. Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Bath fi aqueous cream pa ara àwọn tí awọ wọn dá ṣáṣá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìpele òkè pátápátá lára awọ wọn fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fẹ́lẹ́ sí i. Bó bá ṣe awọ àgbàlagbà tó dá ṣáṣá báyẹn, ẹ ro ti ọmọdé tó ní eczema. Oṣù kẹta ọdún 2013 ni MHRA, àjọ tó ń mójú tó òògùn níbẹ̀, kìlọ̀ pé ó lè máa ta àwọn èèyàn lára, pàápàá àwọn ọmọdé tó ní eczema.

Ohun tí ẹ ó máa wò lẹ́yìn ike nìyí: bí ẹ bá rí sodium lauryl sulfate, ẹ má fi pa ọmọ yẹn sílẹ̀. Cetomacrogol ni kí ẹ wá. Alárinà ni òun náà, ṣùgbọ́n ó rọ awọ lọ́rùn ju èkejì lọ dáadáa. Bí awọ ọmọ bá gbẹ gan-an, jẹ́lì funfun àti òróró paraffin ìdajì-ìdajì ni èmi fẹ́ràn jù. Kò sí omi níbẹ̀, kò sí alárinà, kò sí apakòkòrò, ohun tó lè ta ọmọ kò tó nǹkan. Aṣọ ni yóò máa bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo òǹkàwé fetí sí, ẹ̀yin ará ilé pàápàá. Aṣọ àti aṣọ ìbùsùn tó ti fa ìpara olóròóró mu máa ń tètè gbiná, iná náà sì máa ń le. MHRA kìlọ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 2018, wọ́n sì sọ pé ìkìlọ̀ náà kan gbogbo ìpara bẹ́ẹ̀, bóyá paraffin wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ, tí a ń tan àbẹ́là tàbí àtùpà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí bàbá àgbà ń mu sìgá lórí àga, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé iná jìnnà sí ẹni tó fi ìpara para. Fífọ̀ nínú omi tútù kì í mú un kúrò tán lára aṣọ.

*Àlàáfíà fún yín, Màmá. Mo rí stearic acid, glyceryl stearate àti cetyl alcohol lára ìpara tí ìyàwó mi ń lò. Ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí wa sọ pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, pé ọtí tún wà nínú rẹ̀. Kí ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà?*
Alfa, Ìlọrin

Alfa, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ̀sìn wí. Ohun tó wà nínú ike ni èmi lè sọ.

Ti ọtí ló rọrùn jù. Cetyl alcohol àti cetostearyl alcohol, ìdà líle ni wọ́n. Ẹ lè fi ọwọ́ kó o, kò ní òórùn ọtí, kò sì lè pa ẹnikẹ́ni bí ọtí. Ó di nǹkan bí 50 Celsius kó tó yọ́. Michel Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Faransé, ló kọ́kọ́ yọ cetyl alcohol jáde lọ́dún 1817, láti inú ọ̀rá orí ẹja àbùùbùtán. Lóde òní, epo ọ̀pẹ àti irú rẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, tàbí kí wọ́n mú un láti inú epo rọ̀bì. Èyí tó jẹ́ spírítì gan-an ni ẹ ó rí tí wọ́n kọ ethanol tàbí alcohol denat. sí.

Ti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ kò parọ́ tán, kò sì jàre tán. Stearic acid lè wá láti inú epo ọ̀pẹ, ó lè wá láti inú ọ̀rá màlúù, ó sì lè wá láti inú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tó bá ti di funfun nínú àpò, kò sí ojú tó lè mọ ìyàtọ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n sì máa kọ sára ike. Glyceryl stearate, tó jẹ́ alárinà, inú stearic acid yẹn ló ti ń wá. Láyé àtijọ́ ó tiẹ̀ pọ̀ ju báyìí lọ: ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ ni àwọn apòògùn Yúróòpù fi ń po ointment, wọ́n á fi oje igi benzoin sí i kó má bàa kan. Jẹ́lì inú epo rọ̀bì ló gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ṣeé ṣe ni kí ẹ wá ìpara tí wọ́n kọ halal sí, tàbí tí wọ́n kọ vegetable origin sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn orúkọ wọ̀nyẹn, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á dá yín lóhùn.

Ẹ ó tún máa rí lanolin tàbí wool fat. Ara irun àgùntàn ni, nígbà tí wọ́n bá fọ irun tí wọ́n rẹ́. Wọn kò ní láti pa ẹran náà. Otto Braun àti Oscar Liebreich, ará Jámánì, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́dún 1882. Inú ọ̀rá irun àgùntàn yìí náà ni Isaac Lifschütz ti yọ alárinà tó pè ní Eucerit, òun ni wọ́n sì fi po Nivea nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní Hamburg lọ́dún 1911. Ohun èlò rere ni, àmọ́ ara àwọn kan kọ̀ ọ́.

Nígbà tí a ti ń bi ẹran léèrè, ẹ jẹ́ ká bi ẹ̀pà náà. Ointment zinc àti castor oil tí wọ́n fi ń pa ìdí ọmọ, bí British Pharmacopoeia ṣe là á, 30.5 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ òróró ẹ̀pà. Òbí tí ara ọmọ rẹ̀ kọ ẹ̀pà gbọ́dọ̀ wá orúkọ náà lára ike, arachis oil ni wọ́n ń kọ.

*Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì. Mo ń po ìpara tà. Òrí, òróró àgbọn, stearic acid, triethanolamine àti omi ni mo fi ń po ó. Mo máa ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ara lè mọ́, oníbàárà tó bá fẹ́ kó yára, mo máa ń tẹ túùbù kan tàbí méjì sí i. Láìpẹ́ yìí ni omi ń yà sọ́tọ̀, àwọn ike tó pẹ́ sì ti ń hu nǹkan dúdú lókè. Emulsifier wo ni kí n rà?*
Oníṣòwò, Ìbàdàn

Ọmọ mi, emulsifier ti wà nínú ìkòkò rẹ. Ìwọ lo ń pa á.

Nígbà tí stearic acid bá pàdé triethanolamine nínú ooru, ọṣẹ ni wọ́n ń dà níbẹ̀, ọṣẹ yẹn sì ni alárinà rẹ. Ọ̀nà tó dára ni, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbà á po ìpara ojú. Ṣùgbọ́n ásíìdì kì í jẹ́ kí ọṣẹ wà ní ọṣẹ. Gbàrà tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá kàn án, ọṣẹ náà á padà di stearic acid, alárinà á kúrò láàárín wọn, omi á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. O lè ra alárinà mìíràn lọ́la, bí ọsàn bá ṣì ń wọ ibẹ̀, owó lo ń dà nù. Ọsàn wẹ́wẹ́ kò tiẹ̀ yẹ lára ẹni tó máa jáde sínú oòrùn. Omi rẹ̀ pẹ̀lú oòrùn lè jó awọ títí tí yóò fi lé ròrò, ojú ibẹ̀ á sì dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Òdìkejì ohun tí oníbàárà rẹ sanwó fún nìyẹn.

Túùbù náà tún ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn túùbù tí wọ́n ń fi kún ìpara lọ́jà ní neomycin nínú, òògùn tó ń pa bakitéríà. Agbára iná mànàmáná (charge) ara neomycin àti ti ara ọṣẹ inú ìkòkò rẹ takora; bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á so mọ́ra wọn, alárinà kò ní ríṣẹ́ ṣe mọ́, neomycin náà kò ní wúlò. Èyí kéré o. Clobetasol, steroid bíi betamethasone, tó sábà máa ń wà nínú irú túùbù bẹ́ẹ̀ ló ń já mi láyà. 0.05% péré ni wọ́n ń fi sí i, torí pé ó wà lára àwọn tó lágbára jù nínú ìran rẹ̀, dókítà sì ni ó yẹ kó sọ ibi tí wọ́n máa fi kàn àti iye ọjọ́. Ìwọ wá ń tà á fún àwọn èèyàn láti fi pa gbogbo ara, láràárọ̀ àti lálaalẹ́, láìsọ fún wọn. Awọ wọn á fẹ́lẹ́, ara á máa là níbi itan àti apá, egbò kékeré kò ní fẹ́ jiná. Ọjọ́ tí wọ́n bá dáwọ́ dúró ni ara á gbiná. Mo ti bá irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ jókòó, mo ti wo itan wọn. Òmíràn kò mọ̀ rárá pé òògùn wà nínú ìpara tí òun ń rà. Jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí. Bí hydroquinone, ohun tí wọ́n fi ń bó ara, tàbí mẹ́kúrì bá wà nínú kẹ́míkà tí wọ́n ń tà fún ọ láìkọ orúkọ sí i, kó wọn dà sílẹ̀ pẹ̀lú; mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Nǹkan dúdú tó ń hù, omi ló fà á. Ìpara olómi tí kò ní òògùn apakòkòrò kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Má fi ṣíbí gé orí rẹ̀ kúrò kí o ta ìyókù, nítorí èyí tí ojú kò rí ti wọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Dà wọ́n nù.

O ní ọwọ́ iṣẹ́, mo fẹ́ kí o jẹun níbẹ̀. Po èyí tí kò ní omi: òrí, òróró àgbọn, ìdà oyin díẹ̀ kó lè dì. Kò ní béèrè alárinà lọ́wọ́ rẹ, kò ní béèrè apakòkòrò, bí ike àti ọwọ́ bá ti gbẹ. Bí kírímù olómi lo bá fẹ́ máa ṣe, lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí o fi nọ́ńbà NAFDAC sí i, kí o sì kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ike.

*Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Mo fi ìpara làpálàpá mi sílẹ̀ nínú mọ́tò nínú oòrùn. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, omi ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni nǹkan funfun kíki. Ṣé kí n rò ó pọ̀ padà?*
Awakọ̀, Òṣogbo

Rárá, ẹ ra òmíràn. Ooru ti yọ́ ìdà inú rẹ̀, ìkọ́lé tí wọ́n fi wákàtí pípẹ́ rírò ṣe ti tú. Ẹ kò sì mọ apá tí òògùn bá lọ, ó lè jẹ́ pé omi lásán lẹ ó fi pa làpálàpá lónìí, kí gbogbo òògùn sì wà nínú èyí tí ẹ ó fi pa á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí inú mọ́tò lẹ bá wà láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ bèèrè ointment làpálàpá tí wọ́n ń pè ní Whitfield lọ́wọ́ apòògùn, bó bá bá ibi tí làpálàpá náà wà mu. Benzoic acid 6%, salicylic acid 3%, inú emulsifying ointment tí mo sọ lókè, kò sí omi níbẹ̀ tó máa yà sọ́tọ̀. Kì í ṣe fún ojú tàbí abẹ́ o, á ta yín gidigidi.

*Ẹ̀gbọ́n wa, òrí ni a fi tọ́ gbogbo wa níbí. Ṣé kò lè rọ́pò jẹ́lì òyìnbó tí ẹ fi ń po òògùn ni?*
Àgbẹ̀, Ṣakí

Àbúrò mi, ó lè rọ́pò rẹ̀ níbi púpọ̀, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè. Òrí jẹ́ ointment fúnra rẹ̀: ọ̀rá ni, kò sí omi níbẹ̀, ó ń yọ́ lára èèyàn, ó sì ń dí ojú awọ. Ibì kan ló ti kù díẹ̀ káàtó, kò lè gbé omi púpọ̀ dání láìsí alárinà. Lanolin lè gba omi tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ kó má yà. Òrí kò tó bẹ́ẹ̀. Èkejì ni pé jẹ́lì kì í kan, bó ti wù kó pẹ́ tó, ṣùgbọ́n òrí máa ń kan bí afẹ́fẹ́ àti oòrùn bá ń bá a, òògùn inú rẹ̀ sì lè bá a bàjẹ́. Fún ara gbígbẹ, ẹsẹ̀ tó ń ya àti awọ ọmọ tuntun, ẹ máa lo òrí yín. Inú ìkòkò tó ní ìdérí ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, níbi tí oòrùn kò dé, ọwọ́ gbígbẹ ni kí ẹ sì máa fi bù ú.